Ọjọ́ Tí Mo Gbé Kọ̀ǹpútà Lọ Gba Oko Kòkó

Ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi, bó ti wù kí n bẹ̀ ẹ́ tó pé kó jọ̀ọ́, kó tán. Bí mo bá ń jẹun lọ́wọ́ tí mo rántí rẹ̀, òkèlè á há mi lọ́fun. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àlùfáà ní ká ronú sí àwọn ẹ̀ṣẹ̀ wa, òun ló máa ń kọ́kọ́ yọjú, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀mọ̀wé ṣíṣe lásán ni. Ọjọ́ náà ni mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Ìtàjí pé kí n fi gba oko kòkó bàbá mi padà.

Kẹ́ ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí oko náà ṣe dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ọmọ Odò-Orò ni wá, nítòsí Ìkọ̀lé. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi fi ń bọ́ wa, ṣùgbọ́n oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló ń jẹ́ kó gbé orí sókè láwùjọ. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, tí mo ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kọ́, owó ilé ìwé, owó yàrá, àti owó kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n láwọn ò ní gba iṣu. Bàbá mi bá lọ fi oko kòkó náà dógò lọ́dọ̀ bàbá kan ní Ìtàjí, ẹni tó ti ń ra kòkó láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Bàbá Ìtàjí ni gbogbo wa ń pè é. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà ni wọ́n kà fún bàbá mi níwájú ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Ìtàjí ló ń ká kòkó wa. Bí bàbá mi bá ń lọ sóko iṣu, ọ̀nà tó jìn ló ń gbà, kí ojú rẹ̀ má baà rí àwọn alágbàṣe tó ń fi dòjé já èso lórí igi tí bàbá tó bí i gbìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin ìdógò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́ ná. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ju ìyẹn lọ ni èmi ń kọ́.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n sọ pé a ó lò. Pẹ̀lú ìdáṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́, mẹ́rin náà dàgbà, ó di mẹ́fà. Gbogbo ìgbà yẹn, mi ò bẹ̀rù. Ọmọkùnrin kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ń wò lójoojúmọ́, ó máa ń de fìlà òtútù nínú oòrùn, òun ló sọ fún wa pé ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, dọ́là ni. Ó ní tòun ra mọ́tò. Mo gbà á gbọ́ pátápátá, torí pé ó wọ jígí, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì ń dún nímú. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ náà gan-an, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn wá síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo rò pé eré ìdárayá ni wọ́n ń fi ṣe.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n jáde, mo kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gbé gbèsè tí èèyàn jẹ nítorí ìwé sí apá kan, kó gbé owó oṣù tó máa kọ́kọ́ gbà sí apá kejì, kó yọ owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀, kó wá máa fi èyí tó bá kù dín gbèsè kù lóṣooṣù. Mo pàṣẹ fún un pé kò gbọdọ̀ dúró àfi bí gbèsè bá tán. Ẹ fi ọkàn sí àṣẹ yẹn, ó ń bọ̀ wá já mi sí ìhòòhò.

Mo wá gbé ọ̀rọ̀ oko bàbá mi sínú rẹ̀. Mo fojú bu iye àpò kòkó tí Bàbá Ìtàjí ti ká láti ọjọ́ tí oko ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi iye tí wọ́n ń ra kòkó sọ́jà kún un. Ẹ sì rántí o, àsìkò yẹn ni kòkó gbówó lórí débi pé àwọn tí ò mọ ewé kòkó yàtọ̀ sí ewé obì ń wá oko rà kiri. Mo jókòó sínú yàrá, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà wá dọ́là, orí igi bàbá mi ni dọ́là sì ń so sí, ẹlòmíràn ló ń ká a. Mo yọ owó kòkó kúrò nínú gbèsè. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Gbèsè ti tán! Àní, Bàbá Ìtàjí ló tún jẹ wá lówó. Mo fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, orí mi gbá pákó ẹni tó ń sùn lókè mi, ìyẹn náà sì ṣépè fún mi dáadáa.

Ọjọ́ kejì ni mo délé. Mo bá bàbá mi níbi tó ti ń to iṣu sábà. Mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ oko kòkó yẹn ti yanjú. Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn ní Ìtàjí."

Ó gbé iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ó wò mí títí. Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yísẹ̀ padà, ó lọ pe Bàbá Kékeré, àbúrò rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu lásán kọ́ ni wọ́n fi ń lọ sọ̀rọ̀ oko ìdógò. Olóko á fi ìgò ṣìnáàpù méjì rán ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dógò, ọtí náà sì ti sọ ọ̀rọ̀ kó tó débẹ̀: owó ti pé, kí onídógò pe àwọn èèyàn rẹ̀ jọ. Wọn kì í sì í ka owó náà nílé, iwájú ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń kà á, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi bi mí pé kí n mú un wá kí àwọn rí i. Bàbá mi ti fi ọtí náà ránṣẹ́, èmi ò mọ ìkankan nínú èyí. Ohun tí mo rí ni pé ìyá mi ń kọrin ìyìn nílé ìdáná, mo sì rò pé ìṣirò mi ni inú rẹ̀ ń dùn sí.

Lọ́jọ́ tí à ń lọ, takisí kan ṣoṣo ni Bàbá Kékeré háyà fún àwa mẹ́ta, ó ní kí awakọ̀ má gbé ẹlòmíràn. Èmi àti bàbá mi ò tíì jókòó dáadáa tí Bàbá Kékeré fi ti ara rẹ̀ mọ́ mi, tó fọwọ́ méjèèjì dì báàgì kọ̀ǹpútà mú lórí itan mi. Nígbà tí a dé gárèjì Ìkọ̀lé, awakọ̀ bi wá pé ṣé kí òun gbé báàgì náà sẹ́yìn.

Bàbá Kékeré ké mọ́ ọn pé, "Aṣọ ni! Aṣọ lásán ló wà níbẹ̀!" Ohùn tó fi sọ ọ́, kò sẹ́ni tó wà ní gárèjì tí ò mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ.

Mo ní, "Bàbá Kékeré, kò lè fọ́ o. Ẹ má wulẹ̀ dì í mọ́ra báyẹn."

Ó ṣẹ́jú sí mi. "Dákẹ́ ẹnu rẹ. Ògiri létí, áńbọ̀sìbọ́sí takisí."

Inú mi dùn gan-an. Mo rò ó lọ́kàn mi pé, ẹ wo bàbá yìí, kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ iyì kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí a dé Ìtàjí, wọ́n ti to àga yí ká ojúde. Àwọn ẹbí Bàbá Ìtàjí ti pé, wọ́n de fìlà, ẹlẹ́rìí méjèèjì jókòó sí iwájú. Òórùn ẹran ewúrẹ́ ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀, odó sì ń dún kì, kì. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń bọlá fún ìmọ̀, mo sọ fún ara mi. Mo tilẹ̀ tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi ṣe.

Bàbá Ìtàjí, tó jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, gba àdúrà gígùn. Lẹ́yìn àmín, ó kọjú sí bàbá mi. Ó ní, "Unú mi dùn lónìí. Oko tó ti gba ọwọ́ mi kọjá pọ̀, ọmọ ẹlòmíì, bó bá ti dé ùlú ńlá, éè rántí ulé mọ́. Tìrẹ rántí. Ọlọ́un á jẹ́ kó o jẹun ọmọ kalẹ́." Bàbá mi fi etí agbádá nu ojú. Bàbá Ìtàjí wá tọ́ka sí mi. "Ọ̀mọ̀wé, ó yá, ṣí i."

Gbogbo ojú wá sára báàgì. Mo fa síìpù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí mo fẹ́ kó dùn mọ́ wọn. Bàbá Kékeré dìde dúró. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí ti lá àtàǹpàkò rẹ̀, ó múra àti ka owó. Mo ti ọwọ́ bọ inú báàgì, mo gbé kọ̀ǹpútà jáde, mo gbé e ka orí tábìlì, mo sì yọwọ́ bí ẹni tó gbé oyè lé nǹkan lórí.

Bàbá Ìtàjí na ọrùn, ó wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà.

"Unú rẹ̀ lowó ọ̀ún wà?"

"Rárá, Bàbá. Ìṣirò ló wà nínú rẹ̀."

Ẹlẹ́rìí yẹn rọra fi aṣọ nu àtàǹpàkò rẹ̀.

Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá ti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ ní ìṣẹ́jú yẹn. Èmi dìde, mo bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo ṣàlàyé àpò kòkó, mo ṣàlàyé iye rẹ̀ lọ́jà. Mo fi ìka tọ ojú kọ̀ǹpútà. Bàbá Kékeré ń fa ṣẹ́ẹ̀tì mi láti ẹ̀yìn, mo rò pé ó ń kí mi kú iṣẹ́ ni. Mo wá parí ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́: "Nítorí náà, Bàbá, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ yìí ṣe wí, gbèsè ti tán tipẹ́. Ẹ̀yin gan-an lẹ kù tí ẹ máa fún bàbá mi ní ṣéńjì."

Odó tó ń dún lẹ́yìnkùlé dákẹ́.

Bàbá Ìtàjí ò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú. Ó kọjú sí bàbá mi, ó ní, "Ṣé ùwọ lo rán an?"

Bàbá mi ní, "Rárá o, Bàbá." Ó ti ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sórí itan, ó ń wo ilẹ̀.

"Gbọ́, ọmọ," Bàbá Ìtàjí sọ fún mi. "Kòkó tí mo ń ká, èlé owó mi nì yẹn. Bí mo ká a lógún ọdún, owó mi wà níbi tó wà. Ọjọ́ tí owó bá pé lójú kan, ọjọ́ náà loko ń lọ. Ìdógò nì yẹn. Ẹnìkan éè sọ fún ẹ rí?"

"Wọn ò kọ́ wa, Bàbá."

"Ọdún mélòó lo lò níbẹ̀?"

"Mẹ́rin, Bàbá. Ó di mẹ́fà."

"Mẹ́fà," ó sọ ọ́ fún ẹlẹ́rìí, bí ẹni pé kó bá òun rántí rẹ̀.

Mo ti ń gbé kọ̀ǹpútà padà sínú báàgì nígbà tó dá mi dúró. Ó ní ohun tí òun rí wu òun. "Ó mọ ìṣirò, àbí? Yọ kòkó mi kúrò níbẹ̀. Fi owó uṣẹ́ rẹ síbẹ̀, ká mọ ìgbà tí wàá san án. Èló lọ́n ń san fún ẹ?"

Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo ti ń gbàdúrà pé kẹ́nikẹ́ni má bi mí nìyẹn. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Adó ti ní kí n máa bọ̀. Mo ronú àtipurọ́. Mo tilẹ̀ ti ya ẹnu. Ṣùgbọ́n bàbá mi gbé orí sókè, ó ń wò mí, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ lábẹ́ eyín.

"Gbé ohùn sókè, ọmọ."

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Lóṣù."

Ibẹ̀ ni bàbá mi ti gbọ́ ohun tí ìwé tó fi oko bàbá rẹ̀ rà fún mi máa mú wọlé. Ojú tì mí. Ìtìjú gidi ni, èyí tó ń gún èèyàn láyà, kì í ṣe èyí tí mò ń fi ṣẹ̀rín yìí. Gbogbo ọ̀nà jíjìn tí ọkùnrin náà ti ń gbà lọ sóko iṣu, mo rí i lójú rẹ̀.

Mo tẹ owó oṣù náà síbẹ̀. Mo tẹ owó yàrá ní Adó, owó oúnjẹ, owó ọkọ̀, owó dátà. Ẹlẹ́rìí kan bi mí pé, "Dátà, irú oúnjẹ wo nìyẹn?" Mo ní kọ̀ǹpútà ló ń jẹ ẹ́. Ó ní, "Ó tún ń jẹun?" Mo tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn.

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù ń sáré lójú rẹ̀, ọdún ń sáré tẹ̀lé e. Owó tí mò ń ná lóṣù ti ju èyí tí mò ń gbà lọ, nítorí náà gbèsè ò dín, ńṣe ló ń wú. Èmi sì ti pàṣẹ fún un pé kò gbọdọ̀ dúró àfi bí gbèsè bá tán. Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Kò dúró. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń hó bí ọkọ̀ tó ń gun òkè. Lójú mi báyìí, mo dàgbà ju Bàbá Ìtàjí lọ, mo kú, wọ́n sin mí, gbèsè ṣì ń pọ̀ sí i.

"Kí ló ń ṣe?" Bàbá Ìtàjí bi mí.

"Ó ń ronú, Bàbá."

"Ọ̀rọ̀ náà wúwo."

Nígbà tó ṣe, ó ké fíì, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Kò sí iná ìjọba ní ìlú lọ́jọ́ náà.

"Ó ti kú?"

"Bátìrì rẹ̀ ló tán, Bàbá."

"Gbèsè ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyẹn ò tán."

Ẹ̀rín kan bú jáde. Bàbá mi ni! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, n ò sì mọ̀ títí dòní èwo nínú omi náà ni ti ẹ̀rín. Ìgbà yẹn ni gbogbo ojúde tó dà á bolẹ̀. Bàbá Ìtàjí ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kọ́n gbé uyán wá, ebi éè mọ ìṣirò." A jẹun. Ojú tì mí gan-an, ṣùgbọ́n ìtìjú ò dé ikùn, mo jẹ ẹran mẹ́ta.

Ẹran ọ̀hún ni mo fi jẹbi. Bí a ti ń dìde, Bàbá Ìtàjí fohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún bàbá mi pé torí ọtí tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni òun ṣe pa ewúrẹ́, kì í ṣe torí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi owó ewúrẹ́ kún ti oko. Àwọn ẹlẹ́rìí ní ó tọ́. Bàbá mi ní ó tọ́. Gbèsè tí mo wá pa, ojú mi ló ṣe bímọ.

Nígbà tí à ń padà, Bàbá Kékeré gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ sí búùtù ọkọ̀, ó gbé táyà àfirọ́pò lé e lórí. Iwájú ló lọ jókòó, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ó di ẹ̀yìn Ìkọ̀lé kí bàbá mi tó lanu. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé á tán?" Mo ní, "Á tán, Bàbá." N kò ní ẹ̀rọ kankan tó lè bá mi jẹ́rìí sí i.

Mo lọ Adó. Ó gbà mí ju ọdún kan lọ. Ọmọ onífìlà òtútù ò pè mí, dọ́là náà ò pè mí. Mo kó kúrò nínú yàrá tí mò ń sanwó rẹ̀, mo ń bá ọ̀rẹ́ mi gbé. Iṣẹ́ tó mú owó wọlé fún mi jù ni kí n máa tẹ ìwé àṣejáde tí wọ́n ń pè ní pírójẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ ohun tí èmi kọ́. Mo tún kọ ètò fún àwọn alájẹṣẹ́kù kan ní Ìkọ̀lé, èyí tó ń ṣọ́ àwọn tó yáwó lọ́wọ́ wọn tí wọn ò tíì san, ìyẹn ni pé gbèsè ẹlòmíràn ni mo fi ń jẹun. Nígbà tí owó kù díẹ̀ kó pé, mo ta kọ̀ǹpútà náà fún ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní Ìkọ̀lé. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun náà fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí n bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo nílò owó náà.

A fi ọtí ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá Ìtàjí ò pa ewúrẹ́, ó ní òun á kọ́kọ́ rí i. Báàgì kọ̀ǹpútà yẹn náà ni mo gbé lọ, mi ò ní òmíràn. Nígbà tí mo fa síìpù, kò sẹ́ni tó lá àtàǹpàkò. Mo da owó sórí tábìlì. Wọ́n kà á, ó pé, tòun ti ewúrẹ́.

Bàbá Ìtàjí wo inú báàgì tó ti ṣófo. "Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ ti kà á mọ́ ọn, Bàbá."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi gba ọ̀nà kúkúrú lọ sóko. Mo tẹ̀lé e. Ó ń fọwọ́ kan àwọn igi náà níkọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kọjá. Kó má baà di pé inú wa dùn jù, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iye kòkó já wálẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí fóònù mi dún. Ọmọ tó ra kọ̀ǹpútà ni. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú. Mo rí ètò kan nínú kọ̀ǹpútà yìí, mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó ń sáré láti àárọ̀, kò fẹ́ dúró."

Mo ní, "Pa á, àbúrò mi. Gbèsè yẹn ti tán."

Mo wá rò ó pé, ohun tí ẹnìkan ò bi mí, ẹ jẹ́ kí n bi ọmọ yìí kó tó pẹ́ jù. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ní gbogbo ìrìn àjò mi nìyẹn: kí èèyàn tó gbé owó oṣù tí kò tíì gbà sórí ìwọ̀n, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó wà ní apá kejì, àti ẹni tó ń gbé e. Mo ní, "Àbúrò, kí ni bàbá rẹ fi dógò torí ìwé yìí?"

Ó ní, "Bọ̀dá, kí ni wọ́n ń pè ní ìdógò?"

Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rín tí ò dùn. Mo ní kó lọ bi bàbá rẹ̀, kó sì lọ lónìí.